Sandy Turnbull: olè ni, àbí òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i o. Láti ọjọ́ Àìkú ni èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti ń fa ọ̀rọ̀ kan. Mo ní kò sí agbábọ́ọ̀lù Skọ́tlándì ayé àtijọ́ tó wù mí tó Sandy Turnbull. Òun ló gbá góòlù tó fún Manchester United ní ife FA àkọ́kọ́ wọn ní 1909, òun náà ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní Old Trafford. Ọ̀rẹ́ mi ní olè ni, pé FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, lé e nídìí bọ́ọ̀lù títí ayé nítorí tẹ́tẹ́. Mo ní ogun ló pa á ní 1917, kó fi òkú ológun sílẹ̀. Ó ní ogun kì í sọ olè di èèyàn gidi. Ta ló jàre nínú wa?

*

Àbúrò, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni FA fìyà jẹ Turnbull: ní 1906, ní 1909 àti ní 1915. Ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ti rò wọ́n pọ̀ bí àmàlà, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀.

Hurlford ni wọ́n bí Turnbull sí ní 1884, lẹ́bàá Kilmarnock ní Ayrshire. Ibi èédú ni. Ọmọkùnrin tó bá ti tó iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ wa èédú, Turnbull náà sì lọ. Bọ́ọ̀lù ló yọ ọ́ jáde. Hurlford Thistle ló ń gbá fún nígbà tí Manchester City wá mú un ní 1902, kò tíì ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Kò ga rárá, ṣùgbọ́n ó ki pọ́pọ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń forí kan bọ́ọ̀lù ju àwọn tó ga jù ú lọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí gbogbo àwọn ọmọ Skọ́tlándì yìí fi ń ṣí lọ sí England. Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù síra wọn. Àwọn ará England ti pẹ́ tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ sáré títí ẹnì kan á fi gbà á lẹ́sẹ̀ wọn. Èkejì ni owó. Ní 1885 ni England ti gbà kí èèyàn fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun, Skọ́tlándì ò gbà á àfi 1893. Kí òfin tó yí padà nílé, àwọn ọ̀dọ́ wọn ti mọ ọ̀nà.

*

Mo rí i pé àwọn mélòó kan ti ń bú ẹni tó béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.

Ọ̀rọ̀ 1906 ni kí n kọ́kọ́ mú, torí èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyẹn. Láti 1901 ni òfin ti wà pé ẹgbẹ́ kankan ní England kò gbọdọ̀ san ju pọ́n-ùn mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù. Kò sí ọ̀rọ̀ pé o mọ bọ́ọ̀lù ju ẹnìkejì rẹ lọ. Kò sí owó àjẹmọ́nú tí ẹ bá borí. Ohun kan tó tún burú jùyẹn ni pé tí sáà bá parí, tí ẹgbẹ́ bá ní àwọn ò tíì yọ̀ǹda rẹ, o ò lè gbá fún ẹlòmíràn nínú líìgì, bí wọn ò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ fún ọ.

Kí ni àwọn ẹgbẹ́ ṣe? Wọ́n ń san owó gba ẹ̀bùrú. City ń ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà ń ṣe é, gbogbo ayé ló mọ̀. City gba ife FA ní 1904, wọ́n na Bolton ní 1-0, Billy Meredith ọmọ Wales ló gbá a wọlé. Turnbull wà nínú ikọ̀ yẹn. Ẹ rò pé pọ́n-ùn mẹ́rin nìkan ni wọ́n fi kó irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ?

Wẹ́rẹ́ bàyìí ni àṣírí tú. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà, oṣù kẹrin ọdún 1905, City lọ bá Aston Villa, wọ́n sì ní láti borí kí wọ́n tó lè gbọ́kàn lé ife líìgì. Villa nà wọ́n ní 3-2. Ìjà bẹ́ láàárín Turnbull àti Alec Leake tó jẹ́ balógun ikọ̀ Villa, ẹrẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù lura, ó wá di ẹ̀ṣẹ́. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé lẹ́yìn eré wọ́n fa Turnbull wọ yàrá àwọn Villa, wọ́n sì lù ú níbẹ̀. Nígbà tí FA wádìí ìjà yìí ni Leake sọ pé Meredith fi pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ òun kí wọ́n lè jẹ́ kí City borí. Wọ́n dá Meredith dúró. City tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀ lánàá wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Inú bí Meredith, ó la ẹnu, ó tú gbogbo ìwé owó wọn síta.

Ìdájọ́ FA ní 1906: agbábọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlógún kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí ọdún á fi parí, wọn ò sì gbọdọ̀ gbá fún City mọ́ láéláé. Tom Maley, ọmọ Skọ́tlándì tó ń darí ẹgbẹ́ náà, wọ́n lé e. Turnbull wà nínú mẹ́tàdínlógún yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n san owó fún un lórí iṣẹ́ tó ṣe, ó sì gbà á. Bí ìyẹn bá jẹ́ olè jíjà, kò sí ẹni tí mo mọ̀ tí kì í ṣe olè.

*

Bàbá kan fèsì lókè yìí pé pọ́n-ùn mẹ́rin tó owó nígbà náà, pé awakùsà èédú ò rí tó bẹ́ẹ̀, pé ojúkòkòrò ló ń dá àwọn agbábọ́ọ̀lù láàmú.

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa ti èédú. Turnbull fúnra rẹ̀ mọ̀, ó ti wà á rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí kejì. Awakùsà lè wa èédú títí yóò fi di àádọ́ta ọdún tí òkúta ò bá wó pa á. Orúnkún agbábọ́ọ̀lù ò ní ju ọdún mẹ́wàá lọ. Tó bá sì kán lójú pápá, ẹgbẹ́ lè ní kó máa lọ sílé ní òfo. Di 1910 ni kóòtù tó sọ nínú ẹjọ́ Walker àti Crystal Palace pé òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù, pé òfin gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó ṣèṣe kàn án. Títí di ìgbà náà, eré ni wọ́n ní wọ́n ń ṣe.

Ó yé mi torí pé ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ò dára tó ti Turnbull. Mo gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn kí n tó wá sí ibí yìí. Àlága wa jẹ wá lówó oṣù mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kejì fẹ́ mú mi, àlága ní òun ò ní fọwọ́ sí ìwé tí màá fi kúrò. Mo ní kó san owó mi nígbà náà. Ó ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, pé ìfẹ́ ni. Ní ọjọ́ tí mo kà nípa òfin 1901 yìí, mo kàn rí ojú bàbá yẹn níwájú mi ni, pẹ̀lú fìlà rẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká padà. Lẹ́yìn tí FA ti ní wọn ò gbọdọ̀ gbá fún City mọ́, wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sọ́jà bí ẹran ọdún ní ilé ìtura Queen's ní Manchester, kí àwọn ẹgbẹ́ wá ná wọn. Ernest Mangnall tó ń darí United ò dúró de ọjà. Kí àwọn yòókù tó dé, ó ti bá mẹ́rin sọ̀rọ̀ tán: Meredith, Turnbull, Herbert Burgess àti Jimmy Bannister. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1907 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá fún United, Aston Villa ni wọ́n sì bá pàdé! Meredith gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, Turnbull fi sáwọ̀n, 1-0. Mi ò mọ ẹni tó ń ṣètò irú nǹkan báyìí lókè ọ̀run.

Ní sáà tó tẹ̀lé e, góòlù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló gbá nínú líìgì, United sì gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú oṣù Kejìlá 1907, wọ́n gbá pẹ̀lú City, ó jẹ góòlù méjì, réfírì sì lé e jáde. Kò sí káàdì pupa nígbà náà o, ọwọ́ lásán ni réfírì máa ń nà sí ọ̀nà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde nínú ìdíje City àti United.

Pápá tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, Bank Street ní Clayton, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín á máa bọ́ sójú àwọn tó ń wòran. Mo lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan tí n kò níṣẹ́ òru. Kò sí nǹkan kan mọ́ àfi ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn tó ń wá wo eré kẹ̀kẹ́, àti irin pẹlẹbẹ kan lára ògiri ilé kan lódìkejì tó sọ pé United gbá bọ́ọ̀lù níbí rí. Obìnrin kan yọjú láti wo ẹni tó ń ya ògiri ilé ní fọ́tò. Mo kí i. Ó béèrè bóyá láti ọ́fíìsì owó ilé ni mo ti wá. Tí o bá gbójú sókè níbẹ̀, pápá tuntun ti City lò ń wò, kò jìnnà rárá.

*

Ẹnì kan ní irọ́ ni, pé Jimmy Turnbull ló gbá góòlù 1909, kì í ṣe Sandy.

Rárá. Turnbull méjì ló wà nínú ikọ̀ yẹn, ọmọ Skọ́tlándì làwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe ẹbí. Àwọn méjèèjì ló gbá ìparí náà. Sandy ló jẹ góòlù. Ẹsẹ̀ ń dùn ún lọ́jọ́ náà, Mangnall ò fẹ́ fi í sí i. Charlie Roberts tó jẹ́ balógun ikọ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó gbá, pé tó bá ti rí góòlù ẹyọ kan, àwọn á lè rù ú dé òpin. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní Crystal Palace ní London, ní ìṣẹ́jú kejìlélógún, Harold Halse ta bọ́ọ̀lù lu ọ̀pá òkè, ó ta padà, Turnbull wà níbẹ̀. Èèyàn tó lé ní 70,000 ló ń wò ó. Bristol City ò rí i san padà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, FA tún dá a dúró. Kí ló ṣe? Ó kọ̀ láti fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Manchester nínú oṣù Kejìlá 1907, Meredith àti Roberts wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n ń bá òfin pọ́n-ùn mẹ́rin àti òfin ìyọ̀ǹda yẹn jà. FA ní kí kálukú kọ̀wé pé òun ti jáde. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ síwèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti United kọ̀. Wọ́n lé wọn ní pápá, wọ́n lọ ń ṣe ìdánrawò ní Fallowfield, wọ́n kọ pátákó kan tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ ya fọ́tò: ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ẹni ìtanù. Turnbull wà nínú fọ́tò náà. Ó ku dẹ̀dẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀ ni FA tó rọ̀ díẹ̀. Òfin owó ọ̀yà yẹn ò sì kúrò nílẹ̀ pátápátá àfi 1961.

Òun ni mo fi sọ pé àwa tí a bá fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò yẹ kó jẹ́ torí góòlù Old Trafford. United tiẹ̀ pàdánù eré yẹn, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì 1910, Liverpool ló borí ní 4-3.

*

Ó yá, tẹ́tẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ ti ń dúró de ibí yìí.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1915, Good Friday, United àti Liverpool ní Old Trafford. Ogun ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló mọ̀ pé líìgì máa dúró, owó á dúró. United ń sá fún jíjá sí ìsàlẹ̀, Liverpool ò ní nǹkan kan tó ń lé wọn. United borí ní 2-0. Ohun tí èèyàn rí lójú pápá ló burú: pẹ́nárítì kan jáde lọ jìnnà réré sí òpó, ẹni tó gbá a ò sì ṣe bí ẹni tó dùn. Fred Pagnam ti Liverpool ta bọ́ọ̀lù lu ọ̀pá òkè, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ikọ̀ kan náà bínú sí i! Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kò pẹ́, ìwé pélébé dé ìgboro pé àwọn èèyàn ti fi owó ńlá ta á pé 2-0 gan-an ló máa parí sí, pẹ̀lú méje sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi pọ́n-ùn kan ta á, méje ni èrè rẹ̀.

Nínú oṣù Kejìlá, FA lé agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ títí ayé: mẹ́rin láti Liverpool, mẹ́ta láti United, àti ẹnì kan láti Chester. Turnbull wà nínú mẹ́ta ti United. Ẹ fetí sí èyí: òun ò gbá eré náà. Arthur Whalley náà ò gbá a. Enoch West nìkan ló wọ pápá nínú mẹ́ta náà.

Ẹnì kan ti ń kọ ọ́ pé tí kò bá gbá a, kò sí ohun tó ṣe. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti jọ ṣètò bí eré náà á ṣe parí, tó wá fi owó tiẹ̀ lé e, ó ti jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 1906 àti 1909, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ti 1915 yìí, mi ò sí níbẹ̀. Àwọn wo ló jìyà rẹ̀? United parí pẹ̀lú àmì ọgbọ̀n, Chelsea mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Tottenham méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ yọ àmì méjì ọjọ́ Good Friday yẹn kúrò, kí ẹ wo ẹni tó máa wà nísàlẹ̀. Wọ́n dá Chelsea sí nígbà tí líìgì fẹ̀ lẹ́yìn ogun, Tottenham já, Arsenal ni wọ́n fà sókè. Ẹ̀yin ará Tottenham, mo ti gbọ́ igbe yín, ẹ má tún sunkún níbí.

Ẹni tó ní òun náà máa ń ta tẹ́tẹ́ àti pé kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀: kò sẹ́ni tó sọ ti ìwọ. Ìwọ kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó wà lójú pápá. Tíkẹ́ẹ̀tì tìẹ ń gé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé o ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí mọ̀.

*

Mo ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ogun ló kù.

Ní 1915 kan náà ni Turnbull wọṣẹ́ ológun, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Middlesex kẹtàlélógún, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí East Surrey kẹjọ. Bóyá orúkọ yẹn jọ ọ́ létí yín: àwọn ni Captain Nevill fún ní bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1916, ní Somme, kí wọ́n máa gbá a síwájú bí wọ́n ṣe ń lọ pàdé ìbọn. Nevill kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún 1917 ni ti Turnbull, ní abúlé Chérisy lẹ́bàá Arras ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n wọ abúlé náà láàárọ̀, àwọn Jámánì lé wọn jáde. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ìrántí ní Arras láàárín orúkọ bí 35,000 tí kò ní sàréè. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni.

Ní 1919, FA dárí ji àwọn tó lọ sógun, títí kan òun tó ti kú. Tom Miller, ọmọ Skọ́tlándì kan nínú àwọn ti Liverpool, padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó tún wá gbá fún United gan-an ní 1920. Enoch West ní òun ò jẹ̀bi, ó pe FA lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì bì í lulẹ̀. Wọn ò dárí jì í àfi 1945, nígbà tó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún.

Nítorí náà, àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ jàre níbi tó ní ogun ò sọ olè di ẹni mímọ́. FA ló sọ Turnbull di ẹni mímọ́, kì í ṣe ìwọ. Wọn ò tún ẹjọ́ náà gbọ́, ìwé ológun ni wọ́n wò. Ìwọ náà jàre níbi tí o ní ọkùnrin náà tó fẹ́ràn, àmọ́ fi góòlù sílẹ̀, fọ́tò 1909 ni kí o fi hàn án.

*

Àbúrò ti padà wá sọ ọ́ nísàlẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni òun àti ọ̀rẹ́ òun fi ta á lórí ẹni tó máa jàre, àti pé ta ni kó san?

Lórí ọ̀rọ̀ Sandy Turnbull ni ẹ ti lọ ta tẹ́tẹ́? Ẹ fi owó náà ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, kí ẹ jọ jẹ ẹ́.